Bí Olùdarí Ìjọ Àwọn Ọmọdé Ṣe Lè Mú Ara Rẹ̀ Lọ́kàn Le Nínú Olúwa

Ìsìn ti parí. Àwọn òbí ti kó ọmọ wọn lọ, àfi ọmọ kan tó ṣì jókòó sẹ́bàá ilẹ̀kùn, tó ń retí ẹni tí yóò wá mú un. Bébà tí wọ́n kùn wà nílẹ̀ káàkiri, ohùn yín ti há. Láti ẹ̀yìn ògiri, ẹ ń gbọ́ bí àwọn àgbàlagbà ṣe ń sọ fún ara wọn pé ìwàásù òní wọ àwọn lára. Ẹ̀yin kò gbọ́ ọ. Ẹ kò gbọ́ ti ọ̀sẹ̀ tó kọjá náà, nítorí inú yàrá kan náà yìí lẹ wà. Ẹ gbé àga lé àga, ẹ gbálẹ̀, ẹ sì ń bi ara yín ní ìbéèrè tí ẹ kò lè sọ síta: ṣé ohun tí mò ń ṣe yìí tiẹ̀ ń ran ẹnikẹ́ni lọ́wọ́?

Mo mọ ìbéèrè yẹn dáadáa. Mo ti gbé e délé lọ́pọ̀ ìgbà láìrí ẹni tí mo máa sọ ọ́ fún, torí gbogbo ènìyàn ló gbà pé ẹni tó ń bá ọmọdé kọrin tó ń bá wọn pàtẹ́wọ́ kì í banú jẹ́. Ẹ̀yin tí ẹ ń darí ilé-ìwé Ọjọ́ Ìsinmi, ìjọ àwọn ọmọdé, tàbí ẹgbẹ́ Bíbélì àwọn ọmọ ni mo kọ ìtọ́sọ́nà yìí sí. Ọ̀nà tí a ń gbà kọ́ ọmọ ti ní ìwé tirẹ̀ lọ́tọ̀. Ọkàn tiyín ni mo ń wò. Kí ẹ tó di olùkọ́ àwọn ọmọ Ọlọ́run, ọmọ Ọlọ́run ni ẹ̀yin fúnra yín, ebi sì máa ń pa ọmọ.

Nínú Sámúẹ́lì Kìíní orí 30, Dáfídì padà dé Síkílágì, ó bá ìlú tí wọ́n ti dáná sun, wọ́n sì ti kó àwọn obìnrin àti àwọn ọmọ lọ. Òun àti àwọn ènìyàn rẹ̀ sunkún títí agbára àtisunkún fi tán. Àwọn tó ń tẹ̀lé e tún ń sọ pé àwọn yóò sọ ọ́ lókùúta. Ibẹ̀ ni Bíbélì ti sọ pé ó mú ara rẹ̀ lọ́kàn le nínú Olúwa Ọlọ́run rẹ̀. Ẹ kíyè sí i pé ó kọ́kọ́ sunkún. Lẹ́yìn náà ló ní kí Ábíátárì àlùfáà mú éfódù, ìyẹn aṣọ àlùfáà, wá, ó béèrè lọ́wọ́ Ọlọ́run, kó tó dìde lépa. Nínú 600 ọkùnrin tó bá a lọ, 200 ni ó rẹ̀ débi pé wọn kò lè sọdá odò Bésórì, wọ́n sì dúró ti ẹrù. Nígbà tí àwọn yòókù padà dé, àwọn kan nínú wọn ní kí wọ́n má fún àwọn 200 yìí ní nǹkan kan nínú ìkógun. Dáfídì kọ̀. Ó ní ìpín ẹni tó lọ sójú ogun àti ìpín ẹni tó dúró ti ẹrù yóò dọ́gba. Mo fẹ́ràn láti ka ibẹ̀ sétí àwọn olùkọ́ ọmọdé, nítorí ẹni tó wà ní yàrá ẹ̀yìn pẹ̀lú ọmọ ọlọ́dún mẹ́rin kò kéré sí ẹni tó di ẹ̀rọ gbohùngbohùn mú níwájú ìjọ.

Ìgbésẹ̀ kìíní: Ẹ mọ irú àárẹ̀ tó mú yín

Kì í ṣe gbogbo àárẹ̀ ni àwẹ̀ ń wò. Ẹ mú bébà kan, ẹ jókòó níbi tí kò sí ọmọdé, kí ẹ sì kọ ìdáhùn sí àwọn ìbéèrè yìí láìfi ohunkóhun pamọ́. Wákàtí mélòó ni mò ń sùn lóru? Ìgbà wo ni mo jókòó gbọ́ ìwàásù kẹ́yìn láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin? Ta ni mo lè pè lónìí kí n sọ fún un pé ó ti sú mi? Ta ló ṣẹ̀ mí tí n kò tíì dárí jì? Ṣé ẹ̀ṣẹ̀ kan wà tí mò ń bò mọ́lẹ̀?

Ìdáhùn yín ló máa tọ́ka sí ibi tí ẹ ó ti bẹ̀rẹ̀. Bí oorun bá jẹ́ wákàtí mẹ́rin, ẹ lọ sùn kí ẹ tó pinnu pé Ọlọ́run ti kọ̀ yín sílẹ̀. Ẹ wo Èlíjà nínú Àwọn Ọba Kìíní orí 19. Iná ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ lórí òkè Kámẹ́lì ni, òjò ti rọ̀ lẹ́yìn ọ̀dá, síbẹ̀ ó sá wọ aginjù, ó jókòó lábẹ́ igi kan, ó ní kí Ọlọ́run gba ẹ̀mí òun. Ọlọ́run kò bá a wí. Áńgẹ́lì fọwọ́ kàn án, ó fún un ní àkàrà tí wọ́n yan lórí ẹ̀yín iná àti omi. Ó jẹ, ó tún sùn. Áńgẹ́lì tún jí i lẹ́ẹ̀kejì pé kó jẹun, torí ìrìn àjò náà jìn. Ẹ̀yìn oúnjẹ ẹ̀ẹ̀mejì àti oorun ni ìrìn ogójì ọ̀sán àti ogójì òru lọ sí Hórébù tó bẹ̀rẹ̀. Orí òkè yẹn ni Ọlọ́run ti wá fọwọ́ kan àárẹ̀ rẹ̀ kejì, ìyẹn ti dídá wà. Èlíjà ní òun nìkan ló kù. Ọlọ́run jẹ́ kó mọ̀ pé 7,000 ṣì wà ní Ísírẹ́lì tí kò kúnlẹ̀ fún Báálì, ó sì fún un ní Èlíṣà.

Bí ìbànújẹ́ bá dúró tì yín lójoojúmọ́ fún ọ̀sẹ̀ méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, tí oorun ti dá, tí oúnjẹ kò wù yín mọ́, ẹ lọ rí dókítà. Bí èrò pé ó sàn kí ẹ kú bá wá sí yín lọ́kàn, ẹ má dúró di ọ̀la, ẹ sọ fún ẹnìkan lónìí. Lílọ sọ́dọ̀ dókítà kì í ṣe àìnígbàgbọ́, gẹ́gẹ́ bí oúnjẹ tí áńgẹ́lì gbé wá kò ṣe dín ìgbàgbọ́ Èlíjà kù.

Ìgbésẹ̀ kejì: Ẹ ya Bíbélì kíkà tiyín sọ́tọ̀ kúrò lára ẹ̀kọ́ ọmọ

Ibi tí ọ̀pọ̀ wa ti ń gbẹ díẹ̀díẹ̀ nìyí. A ń ṣí Bíbélì lójoojúmọ́, àmọ́ ohun tí a máa sọ fún ọmọ là ń wá níbẹ̀. A ka ìtàn Jónà, ohun tó kọ́kọ́ wá sí wa lọ́kàn ni bí a ó ṣe gé páálí bí ẹja. Ọ̀rọ̀ náà gba ọwọ́ wa kọjá lọ sọ́dọ̀ ọmọ, kò sì bà lé ọkàn wa. Lẹ́yìn ọdún mélòó kan, ẹ óò mọ gbogbo ìtàn lórí, ẹ kò sì ní rántí ìgbà tí ọ̀kan nínú wọn mú yín kúnlẹ̀ kẹ́yìn.

Bí ẹ ó ṣe ṣe é rèé. Ẹ yan ìwé kan nínú Bíbélì tí kò sí nínú ohun tí ẹ ń kọ́ àwọn ọmọ ní sáà yìí. Bí ẹ̀kọ́ bá wà nínú Jẹ́nẹ́sísì, ẹ ka Ìhìn Rere Máàkù. Orí 16 péré ló ní. Ìṣẹ́jú 15 tó láti bẹ̀rẹ̀, ní àkókò kan náà lójoojúmọ́, kí fóònù wà ní yàrá mìíràn. Ẹ má gbé ìwé ìgbáradì ẹ̀kọ́ sún mọ́ tòsí. Bí èrò fún ẹ̀kọ́ bá yọjú, ẹ kọ ọ́ sórí bébà kékeré kan, ẹ pa á tì, kí ẹ padà sí kíkà yín. Ìbéèrè méjì ni kí ẹ bi ara yín: irú ẹni wo ni Ọlọ́run fi ara rẹ̀ hàn pé òun jẹ́ níbí? Kí ni mo fẹ́ sọ padà fún un? Kí ẹ sì là á lẹ́nu, kódà bó jẹ́ ìráhùn. Ìwé Sáàmù kún fún ìráhùn tí Ọlọ́run gbà bí àdúrà. Sáàmù 13 kò gùn, ìbéèrè “yóò ti pẹ́ tó?” sì tẹ̀ lé ara wọn níbẹ̀ nígbà mẹ́rin. Ẹ kà á ní ọ̀sẹ̀ tí nǹkan bá le.

Ìgbáradì fún ẹ̀kọ́ ọmọ ní àkókò tirẹ̀. Mo ti rí i pé bí mo bá kàn ka ibi tí a fẹ́ kọ́ lásán ní Ọjọ́ Ajé, tí mo tún kà á ní Ọjọ́rú, ọ̀rọ̀ náà á ti bá mi rìn kó tó di Sátidé. Olùkọ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ṣí ìwé ẹ̀kọ́ ní alẹ́ Sátidé, ìjayà ló máa gbé lọ bá àwọn ọmọ.

Ọ̀rọ̀ ìwàásù ńkọ́? Mo dúró lórí èyí gidi: ẹni tó ń kọ́ àwọn ọmọdé gbọ́dọ̀ máa jókòó láàárín ìjọ. Gbígbọ́ ìwàásù tí wọ́n gbà sílẹ̀ lórí fóònù dára, àmọ́ fóònù kì í dì mọ́ni, kì í sì í gbọ́ ẹkún ẹni nígbà tí orin bá dun ọkàn. Ẹ pín àwọn olùkọ́ sí ọ̀nà méjì. Kí apá kan wà nínú yàrá ọmọdé ní Ọjọ́ Ìsinmi méjì lóṣù, kí apá kejì wà nínú ìsìn, kí wọ́n sì pààrọ̀ ara wọn. Bí ẹ kò bá pọ̀ tó bẹ́ẹ̀, ó kéré tán kí olúkúlùkù ní Ọjọ́ Ìsinmi kan lóṣù. Kí ẹ má sì jẹ́ kí Oúnjẹ Alẹ́ Olúwa máa kọjá yín. Mo mọ olùkọ́ tó lo ọdún kan gbáko láìfẹnu kan búrẹ́dì àti ago, tí ẹnikẹ́ni kò sì ṣàkíyèsí. Ẹ bẹ pásítọ̀ kó jẹ́ kí wọ́n gbé e wá bá yín nínú yàrá, tàbí kí ẹnìkan dúró fún yín fún ìṣẹ́jú 20.

Ìgbésẹ̀ kẹta: Ẹ máa fi orúkọ gbàdúrà, kí ẹ sì wá ẹni tí yóò máa pe orúkọ tiyín

“Olúwa, bùkún àwọn ọmọ wa” tètè máa ń sú ẹni tó ń gbà á. Ẹ mú ìwé orúkọ wọn. Bí wọ́n bá jẹ́ 30, márùn-ún lóòjọ́ fún ọjọ́ mẹ́fà ni. Ẹ kọ ohun kan péré síwájú orúkọ kọ̀ọ̀kan: èyí tí òkùnkùn ń bà lẹ́rù, èyí tí bàbá rẹ̀ kò sí nílé mọ́, èyí tó máa ń lu àwọn yòókù. Ẹ bi àwọn ọmọ fúnra wọn pé kí ni kí ẹ bá wọn gbàdúrà sí. Ìdáhùn wọn kì í lọ́wọ́ nínú àrékérekè. Ohun tí mo rí nínú èyí ni pé ọmọ tí mo bá pe orúkọ rẹ̀ níwájú Ọlọ́run ní Ọjọ́ Ìṣẹ́gun kì í bí mi nínú tó bẹ́ẹ̀ ní Ọjọ́ Ìsinmi.

Ẹ̀yin náà ńkọ́? Nínú Ẹ́kísódù orí 17, ọwọ́ tí Mósè gbé sókè lórí òkè kí Ísírẹ́lì lè borí wúwo nígbà tí Jóṣúà ń jagun ní ìsàlẹ̀. Áárónì àti Húrì gbé òkúta fún un kó jókòó lé, wọ́n sì gbé ọwọ́ rẹ̀ ró, ọ̀kan lápá ọ̀tún, ọ̀kan lápá òsì, títí oòrùn fi wọ̀. Ẹni méjì. Kì í ṣe gbogbo ìjọ. Ẹ wá ẹni méjì tí kì í ṣe òṣìṣẹ́ ẹ̀ka àwọn ọmọdé, tí ẹnu wọn dákẹ́, kí ẹ fi ohùn ránṣẹ́ sí wọn lórí WhatsApp ní alẹ́ Sátidé nípa ohun tó wúwo lọ́kàn yín gan-an. Àwọn àgbàlagbà tí agbára wọn kò gbé sísáré tẹ̀lé ọmọdé mọ́ wúlò púpọ̀ fún èyí.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: Ẹ pín ẹrù náà

Jẹ́tírò wo Mósè ana rẹ̀ bó ṣe ń dá àwọn ènìyàn lẹ́jọ́ láti òwúrọ̀ títí di alẹ́, ó sì sọ fún un láìfi sábẹ́ ahọ́n pé ohun tó ń ṣe kò dára, pé yóò rẹ̀ ẹ́, yóò sì rẹ̀ àwọn ènìyàn náà pẹ̀lú. Ó ní kó yan olórí ẹgbẹ̀rún, olórí ọgọ́rùn-ún, olórí àádọ́ta àti olórí mẹ́wàá mẹ́wàá. Ẹ́kísódù orí 18 ló wà. Apá tí a kì í sábà kà sí níbẹ̀ ni pé olórí tó ń dá gbogbo nǹkan ṣe ń rẹ àwọn tó ń sìn pẹ̀lú. Àwọn ọmọ máa ń mọ̀ bó bá ti sú wa.

Fún ọ̀sẹ̀ méjì, ẹ kọ gbogbo ohun tí ẹ ń ṣe fún ẹ̀ka náà sílẹ̀, dórí kọ́kọ́rọ́ tí ẹ ń wá. Ẹ fa ìlà sábẹ́ èyí tó jẹ́ pé ẹ̀yin nìkan ni ẹ lè ṣe é. Kì í pọ̀. Ìyókù, ẹ wá ẹni kọ̀ọ̀kan fún un. Àmọ́ ẹ má dúró níwájú ìjọ kí ẹ ní “a nílò òṣìṣẹ́.” Ìkéde bẹ́ẹ̀ máa ń gba orí gbogbo ènìyàn kọjá. Ẹ lọ bá ènìyàn kan, ẹ dárúkọ iṣẹ́ kan àti ọjọ́ tí yóò parí: “Ẹ jọ̀ọ́ mà, mo rí i pé ẹ máa ń fara balẹ̀. Ṣé ẹ lè bá mi mójú tó ìwé orúkọ àwọn ọmọ fún oṣù mẹ́ta? Bí oṣù mẹ́ta bá pé, a ó jọ sọ̀rọ̀.” Ọ̀pọ̀ tó ń sá fún iṣẹ́ ọmọdé, iṣẹ́ tí kò lópin ni wọ́n ń sá fún.

Òfin kan tí kò gbọ́dọ̀ yẹ̀ nínú pípín yìí: kí àgbàlagbà méjì tí kì í ṣe tọkọtaya wà nínú yàrá kọ̀ọ̀kan nígbà gbogbo. Ó ń dáàbò bo ọmọ, ó ń dáàbò bo orúkọ olùkọ́, kò sì ní jẹ́ kí ẹnikẹ́ni dá nìkan gbé ọjọ́ tó le. Àwọn ọ̀dọ́ lè ràn yín lọ́wọ́, àmọ́ ẹ má kà wọ́n mọ́ àgbàlagbà méjì náà.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: Ẹ ní ìwé kan fún èso kéékèèké

Èyí ni mo bá kọ́kọ́ sọ fún yín bí mo bá ní ìṣẹ́jú márùn-ún péré. Ẹ ra ìwé pélébé kan. Ní ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́ Ìsinmi kọ̀ọ̀kan, kí ẹ tó sùn, ẹ kọ déètì àti ohun kan tí ẹ rí. “Ọmọ tí kì í sọ̀rọ̀ bá wa kọ orin ìlà kan lónìí.” “Ọmọ ọdún mẹ́fà kan bi mí pé ṣé Jésù mọ ilé tí àwọn ṣẹ̀ṣẹ̀ kó lọ.” “Àwọn méjì tó jà ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá jọ pín ọ̀dà ìkùnwé.” Bí ẹ kò bá rí ohunkóhun, ẹ kọ pé ẹ kò rí ohunkóhun, kí ẹ kọ orúkọ àwọn tó wá. Kí ó má sì ju ìlà mẹ́ta lọ, kó má baà di iṣẹ́ mìíràn sí yín lọ́rùn.

Ìdí tí mo fi tẹnu mọ́ ọn ni pé iṣẹ́ yìí lọ́ra. Ẹni tó ń kọ́lé á rí ògiri lálẹ́. Ẹni tó ń kọ́ ọmọ ọdún márùn-ún lè máà rí nǹkan kan fún ogún ọdún. Ọkàn tó rẹ̀ kì í rántí rere. Ìwé yìí ló máa bá yín rántí.

Ẹ ronú nípa ọmọbìnrin kékeré tó ń ṣe ìránṣẹ́ fún aya Náámánì nínú Àwọn Ọba Kejì orí 5. Wọ́n kó o lẹ́rú láti Ísírẹ́lì lọ sí Síríà, síbẹ̀ ó mọ̀ pé wòlíì kan wà ní Samáríà tí ó lè wo ẹ̀tẹ̀ ọ̀gá rẹ̀ sàn, ó sì sọ ọ́. Ẹnìkan ló kọ́ ọmọ yẹn kí ogun tó dé. Bíbélì kò dárúkọ ẹni náà. Ó ṣeé ṣe kí ẹni náà ti sunkún ọmọ tí wọ́n kó lọ, láìmọ̀ pé ẹ̀kọ́ rẹ̀ ti dé ààfin olórí ogun Síríà.

Ní ọdún 1855, nílùú Boston ní Amẹ́ríkà, olùkọ́ ilé-ìwé Ọjọ́ Ìsinmi kan tó ń jẹ́ Edward Kimball lọ sí ṣọ́ọ̀bù bàtà tí ọmọ kíláàsì rẹ̀ kan ti ń ṣiṣẹ́. Ọkàn rẹ̀ kò balẹ̀ débi pé ó rìn kọjá ṣọ́ọ̀bù náà kó tó padà. Ó bá ọmọkùnrin ọdún 18 náà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù, ó sọ fún un nípa ìfẹ́ Kírísítì. Kimball fúnra rẹ̀ gbà lẹ́yìn náà pé ọ̀rọ̀ tí òun sọ lọ́jọ́ náà kò lágbára rárá. Dwight L. Moody ni ọmọ náà. Òun náà dá ilé-ìwé Ọjọ́ Ìsinmi sílẹ̀ fún àwọn ọmọ tálákà ní Chicago, ó sì di ajíhìnrere tí ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn gbọ́ ìwàásù rẹ̀ ní Amẹ́ríkà àti ilẹ̀ Bìrìtéènì. Èmi kì í sọ ìtàn yìí láti fi ṣèlérí pé Moody kan wà nínú kíláàsì yín. Ohun tó ń tù mí nínú níbẹ̀ ni ẹni tó rìn kọjá ilẹ̀kùn tó sì padà, tó sọ ọ̀rọ̀ tí kò dá a lójú, tí Ọlọ́run sì lò ó bẹ́ẹ̀. Pọ́ọ̀lù gbìn, Àpólò bomi rin, Ọlọ́run ló mú kó dàgbà. Kọ́ríńtì Kìíní orí 3 ẹsẹ 6 ló sọ bẹ́ẹ̀. Apá tó le jù nínú iṣẹ́ náà kò sí lọ́wọ́ wa.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: Ẹ sọ ọ̀rọ̀ tó dùn yín fún ẹni tó yẹ

Òbí tó sọ pé “ẹ kàn ń bá wọn ṣeré níbẹ̀.” Àga tí wọ́n kó lọ láìbi yín. Olórí ìjọ tó jẹ́ pé ìgbà tí ariwo bá pọ̀ nìkan ló máa ń yọjú sí yàrá yín. Ọ̀rọ̀ báyìí, bí a bá gbé e mì, inú ló ń jókòó sí títí yóò fi di ìkorò.

Ẹ má sọ ọ́ ní Ọjọ́ Ìsinmi, ẹ má sì sọ ọ́ nínú ẹgbẹ́ WhatsApp. Ẹ bẹ pásítọ̀ pé kó fún yín ní ìdajì wákàtí láàárín ọ̀sẹ̀. Ẹ mú ìtàn kan nínú ìwé èso yín lọ́wọ́, ẹ fi bẹ̀rẹ̀, torí ọ̀pọ̀ olórí ìjọ kò mọ ohun tí Ọlọ́run ń ṣe láàárín àwọn ọmọ. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ sọ ohun kan tó ń dùn yín, kí ẹ sì béèrè ohun kan pàtó: “Pásítọ̀, inú mi á dùn tí ẹ bá lè wá bá àwọn ọmọ gbàdúrà fún ìṣẹ́jú márùn-ún lẹ́ẹ̀kan lóṣù.” Ohun kan. Bí ẹ bá kó ẹjọ́ ọdún mẹ́ta dà sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, etí kò ní gbà á. Bí kò bá sì yí padà, ẹ ti sọ ọ́; ẹ gbé ìyókù fún Olúwa tó sọ nínú Máàkù orí 9 pé ẹni tó bá gba irú ọmọ kékeré bẹ́ẹ̀ ní orúkọ òun, òun ló gbà.

Ìgbésẹ̀ keje: Bí ẹ bá ṣẹ̀, ẹ tọrọ àforíjì kí oòrùn tó wọ̀

Mo ti jágbe mọ́ ọmọ kan rí lójú gbogbo kíláàsì nítorí pé ó da omi sórí iṣẹ́ tí mo fi alẹ́ méjì ṣe. Ojú rẹ̀ dàbí ilẹ̀kùn tí wọ́n tì. Mo lọ sílé, mo sì ro pé n kò yẹ fún iṣẹ́ yìí mọ́. Nígbà tí mo padà wá, mo kúnlẹ̀ kí ojú mi lè bá tirẹ̀ dọ́gba, mo ní, “Ohun tí mo ṣe sí ọ kò dára. Má bínú sí mi.” Lójú gbogbo wọn náà ni mo ti sọ ọ́, torí ibẹ̀ ni mo ti ṣẹ̀ ẹ́. Ó ní kò burú. Ó sì bi mí bóyá a ṣì máa kọrin.

Bó bá jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀ ìkọ̀kọ̀, ẹ jẹ́wọ́ fún Ọlọ́run, kí ẹ sì sọ fún àgbà kan nínú ìgbàgbọ́ tó lè bá yín rìn. Bó bá jẹ́ ohun tó lè pa ọmọ lára, ẹ kúrò nínú yàrá náà ní kíá, kí ẹ sọ fún olórí ìjọ. Àforíjì nìkan kò tó níbẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kẹjọ: Ẹrù tó ju agbára lọ

Ọjọ́ kan lè dé tí ọmọ yóò sọ fún yín pé ẹnìkan ń lu òun nílùkulù, tàbí ń fọwọ́ kan òun níbi tí kò yẹ. Ẹ fara balẹ̀ gbọ́. Ẹ má ṣèlérí pé ẹ kò ní sọ fún ẹnikẹ́ni. Ẹ má fi ìbéèrè fa ọ̀rọ̀ sí i lẹ́nu. Ẹ sọ fún un pé ó ṣe dáadáa bó ṣe sọ ọ́, pé kì í ṣe ẹ̀bi rẹ̀. Ẹ kọ ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ bí ọmọ náà ṣe sọ ọ́ gan-an, kí ẹ sì fi tó àwọn tí òfin àti ìlànà ìjọ yín yàn létí lọ́jọ́ náà. Ẹ má lọ ko ẹni tí ọmọ dárúkọ lójú, ẹ má sì gbà kí wọ́n fi “ká bo àṣírí ìjọ” dá yín dúró.

Lẹ́yìn náà, ọ̀rọ̀ náà yóò máa pa dà wá bá yín lóru. Ìyẹn kò túmọ̀ sí pé ìgbàgbọ́ yín kéré. Láìdárúkọ ọmọ, ẹ sọ fún ọ̀kan nínú ẹni méjì yín pé ẹ gbọ́ ohun tó wúwo, kí ó jókòó tì yín. Ẹ gba Ọjọ́ Ìsinmi kan kúrò lẹ́nu iṣẹ́. Bákan náà ni bí ọmọ kíláàsì yín bá kú. Jésù sunkún nígbà tí Lásárù kú, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó mọ ohun tó fẹ́ ṣe.

Ìgbésẹ̀ kẹsàn-án: Ẹ gbé àwọn olùkọ́ yín ró

Yinni yinni, kẹ́ni ó ṣe òmíràn. Àmọ́ “ẹ ṣé, Ọlọ́run á san án” tí a ń sọ fún gbogbo ènìyàn lẹ́ẹ̀kan náà kì í wọlé. Ẹ sọ ohun tí ẹ rí: “Arákùnrin, mo rí i bí ẹ ṣe jókòó ti ọmọ tó ń sunkún lónìí tí ẹ kò sì kánjú. Ẹkún yẹn tán nítorí yín.” Ẹ fi irú rẹ̀ ránṣẹ́ sí olùkọ́ kan lọ́sẹ̀, kí ẹ máa yí i ká. Kí ẹ má sì jẹ́ kó jẹ́ pé ìgbà tí wọn kò bá wá nìkan lẹ máa ń pè wọ́n.

Ẹ pàdé ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá ṣáájú kí àwọn ọmọ tó dé. Ẹ má fi ìkéde kún un. Kí ẹnìkan ka ẹsẹ kan, kí ẹ bi ara yín pé “báwo ni ọkàn yín?”, kí ẹ sì gbàdúrà. Ohun mìíràn lè dúró di ìpàdé oṣù.

Ìgbésẹ̀ kẹwàá: Ẹ sinmi kí ẹ tó ṣubú

Nínú Máàkù orí 6, àwọn tó ń wá tó ń lọ pọ̀ débi pé àwọn àpọ́sítélì kò ráyè jẹun, Jésù fúnra rẹ̀ ló ní kí wọ́n jẹ́ kí àwọn lọ sí ibi tó dá kí wọ́n sinmi díẹ̀. Ẹ kọ Ọjọ́ Ìsinmi ìsinmi yín sínú kàlẹ́ńdà láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún, ó kéré tán ọ̀kan ní oṣù méjì méjì, àti ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn ètò ńlá bíi Kérésìmesì tàbí àpérò Bíbélì àwọn ọmọ. Ẹ kọ ohun tí adelé yín máa ṣe sórí bébà, ẹ pa fóònù. Nǹkan lè máà lọ bí ẹ ṣe fẹ́ lọ́jọ́ náà. Ẹ fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Bí àwọn ọmọ tiyín bá wà nínú ìjọ yẹn, ẹ bi wọ́n bí iṣẹ́ yìí ṣe rí lójú wọn. Ọmọ olùdarí ló sábà máa ń jókòó kẹ́yìn, òun ni wọ́n ń bá wí jù kí wọ́n má baà ní ẹ ṣe ojúsàájú, òun ló ń dúró títí gbogbo ènìyàn yóò fi lọ. Ẹ fún un ní àkókò kan láàárín ọ̀sẹ̀ tí ẹ kò ní jẹ́ olùkọ́ rárá.

Ní ti bóyá kí ẹ kúrò pátápátá, ẹ má pinnu ní alẹ́ Ọjọ́ Ìsinmi. Ẹ kọ́kọ́ sinmi oṣù kan. Bí ọkàn yín bá ń fà sí àwọn ọmọ lẹ́yìn ìsinmi náà, àárẹ̀ lásán ni. Bí kò bá fà, tí ẹni méjì yín àti olórí ìjọ sì rí ohun kan náà, ẹ kọ́ ẹlòmíì, ẹ fa iṣẹ́ lé e lọ́wọ́ láìsí ẹ̀bi lọ́kàn. Àwọn ọmọ Léfì náà ń kúrò nídìí iṣẹ́ àgọ́ ní ẹni 50 ọdún, wọ́n sì ń ran àwọn arákùnrin wọn lọ́wọ́ lẹ́yìn rẹ̀, bí Nọ́ńbà orí 8 ṣe là á sílẹ̀.

Ní Ọjọ́ Ìsinmi tó ń bọ̀, kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í gbé àga lé àga, ẹ lọ jókòó ti ọmọ tó wà lẹ́bàá ilẹ̀kùn yẹn. Ẹ bi í pé kí ló rántí nínú ohun tí a kọ́ lónìí. Ẹ jẹ́ kó sọ ọ́ tán lọ́nà tirẹ̀, kódà bó bá pa Nóà pọ̀ mọ́ Jónà. Bí ẹni tó wá mú un bá ti mú un lọ, ẹ kọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ sínú ìwé yín, kí ẹ kọ déètì síwájú rẹ̀.